Magnẹ́síọ̀mù, "Ice" àti Onílù Kan ní Iléṣà

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kejìlá, kí n tó gbá iwájú ilé ìtajà òògùn mi tán, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti dúró sí ẹnu kántà. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú magnẹ́síọ̀mù ìgò kan, kí ẹ fi milk of magnesia méjì kún un." Kì í ṣe ohun tó béèrè ló mú mi gbójú sókè, bí kò ṣe ìró kan tí mò ń gbọ́ lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ń payín keke. Eyín òkè ń lọ ti ìsàlẹ̀ bí ọmọ ọlọ lórí ìyá ọlọ, iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ le gbagidi, ó ń yọ sókè, ó ń wọlẹ̀ lábẹ́ awọ, ọmọ náà kò sì mọ̀ pé òun ń ṣe é. Ètè rẹ̀ ti gbẹ títí ó fi là.

Ó ti gbà mí láyè láti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, mo sì ti yí àwọn ohun tí ènìyàn lè fi dá a mọ̀ padà. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ ni pé ìmọ̀ràn tí wọ́n fún un, pé magnẹ́síọ̀mù ni ẹ̀rọ̀ egbòogi olóró tí wọ́n ń pè ní "ice", ń lọ láti ẹnu dé ẹnu láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ òtítọ́, èyí tó mú kó ṣòro láti bá wọn jiyàn lé e lórí.

Onílù ni, gángan ló ń lù, ọmọ ọdún 26 ni nígbà náà. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa lù ní òde àríyá ní Iléṣà, ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ní Ilé-Ifẹ̀, títí dé Òṣogbo. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà mọ ohun tí oṣù Kejìlá jẹ́: àwọn ọmọ tó wà ní ìdálẹ̀ ń bọ̀ wá sílé, ọdún Ìwúdé ń bọ̀ lọ́nà, ìgbéyàwó àti ìsìnkú a sì gba ara wọn láyè láti alẹ́ Ẹtì títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ní nǹkan bí ọdún kan ṣáájú àkókò yìí ni akẹgbẹ́ rẹ̀ kan fi "ice" hàn án, pé bó bá lò ó, ọwọ́ kò ní rọ̀ ọ́, oorun kò sì ní kùn ún. Ice ni àwọn ọ̀dọ́ ń pe methamphetamine, òun náà ni àwọn ará apá ìlà oòrùn ń pè ní mkpuru mmiri. Òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń lò ó. Kò ya wèrè, kò jalè, òun ló ń san owó ilé ìyá rẹ̀. Mo sọ èyí nítorí pé bí a bá ti gbọ́ orúkọ egbòogi olóró, àwòrán kan ṣoṣo ló máa ń wá sọ́kàn wa, ẹni tí kò bá sì jọ àwòrán yẹn, a kì í rí i títí ewu yóò fi dé bá a.

Ẹni tó fún un ní ice náà ló tún fún un ní ohun tó pè ní ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní magnẹ́síọ̀mù yóò dá eyín pípa dúró, yóò dáàbò bo ọkàn àti ọpọlọ, kò sì ní jẹ́ kí ara mọ́ egbòogi náà débi tí yóò fi máa béèrè sí i. Ó ní kó gbé hóró méjì mì kó tó lò ó, kó sì gbé méjì mì tó bá ti lò ó tán.

N kò lè pe ọ̀rọ̀ yẹn ní irọ́ pátápátá. Nǹkan bí gíráàmù 25 magnẹ́síọ̀mù ló wà nínú ara àgbàlagbà, èyí tó ju ìdajì rẹ̀ lọ wà nínú egungun, èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kò sì tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Òun ló ń bá iṣan ṣiṣẹ́ láti tú ká lẹ́yìn tó bá ti sún kì, òun ló sì wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí ìlù ọkàn dàrú. Ẹni tó ń lo egbòogi tí ń lé oorun lọ bíi ice kò ní rántí oúnjẹ, yóò máa làágùn, yóò jó tàbí kó lù títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, tí ó bá sì fi ọtí lé e, kíndìnrín rẹ̀ yóò máa da magnẹ́síọ̀mù nù pẹ̀lú ìtọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ṣaláìní in lóòótọ́, àìní yìí sì ń fa pajápajá, ìgbọ̀nrìrì iṣan àti ìdàrú ìlù ọkàn. Kò sí agbẹ̀bí tí kò mọ abẹ́rẹ́ magnesium sulphate tí a ń fún aboyún tí gìrì bá mú. Àwọn dókítà tún ń fà á sí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún irú ìdàrú ìlù ọkàn kan tó lè pa ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Láti inú àwọn òtítọ́ wọ̀nyí ni wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ náà gùn ju bó ti yẹ lọ.

Ohun tí wọ́n ń sọ nípa ọpọlọ wá láti inú ìwádìí tí wọ́n ṣe lára ẹranko. Lóòótọ́ ni magnẹ́síọ̀mù máa ń jókòó bí aṣọ́nà sí ẹnu ọ̀nà kan lára sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní NMDA, àmọ́ èyí tí a fẹnu gbé mì kì í tètè wọ inú ọpọlọ, kò sì sí ẹ̀rí tó fìdí múlẹ̀ lára ènìyàn pé hóró magnẹ́síọ̀mù ń dáàbò bo ọpọlọ ẹni tó ń lo ice. Ní ti eyín pípa, inú ọpọlọ ni egbòogi náà ti ń pàṣẹ fún iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí àìtó magnẹ́síọ̀mù bá wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, hóró náà lè dín ìrora kù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá àṣẹ yẹn padà. Ní ti ọkàn, ice ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó ń mú ara gbóná, kò sì sí èyí tí hóró magnẹ́síọ̀mù lè ká lọ́wọ́ kò nínú wọn.

Mo ní kó lọ kó gbogbo ohun tó ń lò wá kí n tó tà á ní ohunkóhun. Ó padà dé pẹ̀lú ọ̀rá dúdú kan, ó tú u sórí kántà. Ìgò magnẹ́síọ̀mù wà níbẹ̀, ó ti lò ó kọjá ìdajì. Ìgò milk of magnesia wà níbẹ̀ tó kù díẹ̀ kó tán, ìdérí rẹ̀ ti fún pa, ẹfun funfun ti gbẹ mọ́ ọrùn ìgò náà. Páálí ciprofloxacin kan wà níbẹ̀ tó ku hóró mẹ́rin. Agolo ohun mímu afúnnilágbára kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó ti mu ún tán.

Mo yí ìgò magnẹ́síọ̀mù náà sí ojú ìmọ́lẹ̀, mo sì ní kí òun fúnra rẹ̀ kà á. Ó kà á pé magnesium oxide 500 miligíráàmù. Mo ṣàlàyé fún un pé ìwọ̀n gbogbo èròjà náà nìyẹn, pé nínú oxide, nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ni magnẹ́síọ̀mù gan-an, nítorí náà hóró kan jẹ́ nǹkan bí 300 miligíráàmù. Àwọn ìgò mìíràn wà tó jẹ́ pé ìwọ̀n magnẹ́síọ̀mù nìkan ni wọ́n kọ síwájú, èyí ló fi yẹ kí ènìyàn ka lẹ́yìn ìgò dáadáa. Hóró mẹ́rin ní alẹ́ kan jẹ́ 1,200. Nígbà tí a tún wo milk of magnesia, a rí i pé ṣíbí kékeré kan tó jẹ́ mílílítà 5 ní 400 miligíráàmù magnesium hydroxide nínú, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 167 magnẹ́síọ̀mù gan-an, bẹ́ẹ̀ ìdérí méjì kíkún ló ń mu, nǹkan bí mílílítà 30. Ìyẹn nìkan jẹ́ 1,000. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní Amẹ́ríkà ní kí àgbàlagbà má kọjá nínú magnẹ́síọ̀mù àfikún, ìyẹn èyí tí kì í ṣe ti inú oúnjẹ, jẹ́ 350 miligíráàmù lójúmọ́. Onílù wa ń gbé tó 2,200 mì ní alẹ́ kan.

Ara kì í fi bẹ́ẹ̀ gba oxide sínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń dúró sínú ìfun, a sì máa fa omi wá síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láti bí oṣù méjì, gbogbo ọjọ́ Àìkú ni ìgbẹ́ gbuuru fi ń ṣe é. Ó rò pé oúnjẹ òde àríyá ló fà á, ló bá ń lo ciprofloxacin sí i. Kò sí kòkòrò tí òògùn yẹn fẹ́ pa níbẹ̀, magnẹ́síọ̀mù a sì máa so mọ́ ọn nínú ìfun tí ara kò fi ní rí i gbà. Ìwọ̀nba tí ara rí gbà nínú rẹ̀ sì wà lára àwọn òògùn tó lè da ìlù ọkàn rú nígbà tí pọtásíọ̀mù, èròjà mìíràn tí ọkàn fi ń lù déédéé, bá ti lọ sílẹ̀.

Ibi tó dùn mí jù lọ nínú ọ̀rọ̀ náà nìyí. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń mu milk of magnesia. Ó ní àyà ló máa ń ta òun, nítorí òun kì í jẹun kí òun tó lo ice, òun sì tún máa ń mu ọtí lé e. Ó wá fi kún un, ojú rẹ̀ tàn, ó ní, "Màmá, ó tún ń jẹ́ kó pẹ́ lára. Tẹ́lẹ̀, bó bá fi máa di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ó ti lọ. Nísinsìnyí, ó lè di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí n tó sùn." Ó kà á sí èrè. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé nínú ìtọ̀ ni kíndìnrín ń gbà kó púpọ̀ nínú ice jáde. Bí ìtọ̀ bá kan bó ṣe máa ń kan, egbòogi náà yóò bá a lọ, ìwọ̀n tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ a sì dín sí ìdajì láàárín nǹkan bí wákàtí 10 sí 12. Bí ènìyàn bá ń mu òògùn tó ń pa ásíìdì inú bíi milk of magnesia, pàápàá tó bá mu ún léraléra, ìtọ̀ lè má kan mọ́, egbòogi tó ti dé ẹnu ọ̀nà àbájáde yóò sì tún padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tó rà pé kó fi dín ewu kù ló ń di ewu náà mú sínú ara rẹ̀. (Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí lọ máa mu ohun kíkan láti fi lé egbòogi jáde o. Ice lè ba iṣan ara jẹ́, bí ìdọ̀tí iṣan bá sì ti dé kíndìnrín, ìtọ̀ tó kan jù yóò dá kún ìbàjẹ́ náà. Àwọn dókítà pàápàá ti pa ọ̀nà yẹn tì.)

Mo wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó jẹ́ 162 lórí 98. Ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 124 ní ìṣẹ́jú kan, ara rẹ̀ sì gbóná dé 38.1. Mo bi í bóyá àyà ń dùn ún. Ó ní rárá. Ó wá dákẹ́ díẹ̀, ó fi ìka tẹ àyà rẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ́tí sí ìlù ẹlòmíràn, ó ní, "Ṣùgbọ́n ó ń pa ìlù jẹ, Màmá. Ó máa lù mẹ́ta, ó máa pa ọ̀kan jẹ." Ẹni tó fi ìlù jẹun ló sọ bẹ́ẹ̀, n kò sì bá a jiyàn. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, a wọ takisí láti Òkèsà, ó di ilé ìwòsàn. Ẹ̀rù ń bà á pé wọn yóò pe àwọn NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti egbòogi olóró. Mo sọ fún un pé aláìsàn ni dókítà ń tọ́jú, pé kó sọ òtítọ́ ohun tó lò, nítorí òògùn tí wọn yóò fún un dá lé ìdáhùn yẹn. Ó sọ ọ́.

Wọ́n so ẹ̀rọ tó ń ka ìlù ọkàn mọ́ ọn, lóòótọ́ ni ó ń pa ìlù jẹ. Pọtásíọ̀mù rẹ̀ jẹ́ 2.8, nígbà tó jẹ́ pé 3.5 ló kéré jù tó yẹ kó jẹ́. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé magnẹ́síọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.61, èyí tó yẹ kó tó 0.7 ó kéré tán, pẹ̀lú gbogbo ohun tó ti gbé mì. Ìgbẹ́ gbuuru tí hóró náà fà ti ń gbé magnẹ́síọ̀mù jáde ju èyí tó ń wọlé lọ, àìjẹun sì ti dá kún un. Dókítà ṣàlàyé pé bí magnẹ́síọ̀mù kò bá tíì padà sípò, kíndìnrín yóò máa jo pọtásíọ̀mù nù bí ẹni ń pọn omi sínú ajádìí agbè. Magnesium sulphate ni wọ́n kọ́kọ́ fà sí i lára, wọ́n wá ń fi pọtásíọ̀mù tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì fún un ní òògùn tó mú kí ara rẹ̀ balẹ̀ kó lè sùn. Ó sùn fún wákàtí 14. Kíndìnrín rẹ̀ kò tíì bàjẹ́, mo sì dúpẹ́, nítorí ká ní ó ti bàjẹ́ ni, ibòmíràn ni ọ̀rọ̀ ì bá gbà yọ. Kíndìnrín ló ń kó àṣẹ́kù magnẹ́síọ̀mù jáde. Bí kò bá lè ṣiṣẹ́ mọ́, èyí tí ènìyàn ń gbé mì yóò máa kóra jọ, ara yóò máa rọ, oorun yóò máa kùn ún, mímí yóò máa falẹ̀, ọkàn sì lè dúró.

Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀. Nígbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù, mo ṣí ìwé tí mò ń kọ ọjà sí, mo rí i pé èmi fúnra mi ti ta milk of magnesia fún un nígbà mẹ́ta láti oṣù Kẹwàá. Ohun kan ṣoṣo tí mo bi í nígbà kọ̀ọ̀kan ni bóyá inú ń dùn ún. N kò bi í pé kí ló jẹ, kí ló mu, báwo ló ṣe ń sùn. Láti ọjọ́ yẹn, mò ń béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ra á lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan, mo sì ń bi í ní ohùn tí kò fi ní rò pé mo fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n dá a sílẹ̀, ó wá kí mi. Ó ní òun kò ní purọ́ fún mi pé òun yóò jáwọ́ kí oṣù Kejìlá tó parí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo sì sọ ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo mú ìwé, nítorí bí mo bá lé e, ọ̀dọ̀ ẹni tó fún un ní ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ ni yóò padà sí. A kọ ọ́ pé kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan milk of magnesia tàbí òògùn àyà títa mìíràn mọ́ láì kọ́kọ́ bi mí. Bó bá fẹ́ lo magnẹ́síọ̀mù, kó jẹ́ hóró kan ṣoṣo lójúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, kó má sì lò ó rárá ní ọjọ́ tí inú bá ń ṣí. Bí dókítà bá kọ irú òògùn bíi ciprofloxacin fún un, kó lò ó ní wákàtí méjì ṣáájú magnẹ́síọ̀mù tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Kó má da tramadol pọ̀ mọ́ ice nítorí gìrì, kó má fi ohun mímu afúnnilágbára lé e, kó má sì dá wà. Bí ara bá gbóná tí ọkàn sì ń dàrú, bí àyà bá ń dùn ún, bí ìtọ̀ bá dúdú bí omi kòkó, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi.

Orí oúnjẹ la pẹ́ sí jù. Magnẹ́síọ̀mù tí wọ́n ń tà nínú ìgò wà ní Ọjà Atákúmọ̀sà ní owó pọ́ọ́kú. Ó wà nínú ẹ̀gúsí lọ́pọ̀lọpọ̀, ó wà nínú ẹ̀wà, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan sì ní nǹkan bí 50 miligíráàmù. Ó wà láàárín gbùngbùn èròjà tó ń mú ewé jẹ́ àwọ̀ ewé, tó fi jẹ́ pé kò sí ẹ̀fọ́ tútù tí kò ní in. Kòkó tí àwọn bàbá wa fi rán ọmọ lọ sí ilé ìwé kún fún un. Ti inú oúnjẹ kì í fa ìgbẹ́ gbuuru bíi ti inú ìgò, pọtásíọ̀mù sì tún ń bá a wọlé. Mo ní kó jẹ iyán àti ẹ̀gúsí kó tó gbé gángan rẹ̀ kọ́ èjìká, kó sì di ẹ̀pà sínú àpò kọ̀ǹgọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tí ìyá òun máa ń sọ nìyẹn.

Akẹgbẹ́ mi kan bínú sí mi nígbà tó gbọ́. Ó ní mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí yóò ṣe máa lo egbòogi olóró. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n n kò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2017 fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64 ló lo egbòogi olóró láàárín ọdún kan ṣoṣo. Wọ́n wà láàárín wa, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń ra òògùn àyà títa. Bí a kò bá lè bá wọn sọ òtítọ́ nípa ìgò tó wà lọ́wọ́ wọn, wọn kò ní gbà wá gbọ́ nígbà tí a bá sọ fún wọn pé kí wọ́n jáwọ́.

Nínú oṣù Kìíní, ó lò ó lẹ́ẹ̀kan, ó sì wá sọ fún mi. Láti oṣù Kejì, kò lò ó mọ́, ó ń lọ rí olùdámọ̀ràn ní ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Kò rọrùn. Ara tí wọ́n ti yá ní agbára fún odindi ọdún kan dà bí Òṣómàáló, ó lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà, kò dìde títí wọ́n fi san gbèsè rẹ̀ pé. Ó sùn, ó sú u, ohun gbogbo kò dùn mọ́ ọn, ó ní ìlù kò tilẹ̀ wu òun gbọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Eyín ọ̀rìn rẹ̀ kan ti là sí méjì, wọ́n ní láti yọ ọ́.

Nínú oṣù Kẹrin, ó yà kí mi nígbà tó ń bọ̀ láti òde ìkómọ kan ní Ẹrẹ́jà, gángan rẹ̀ wà ní abíyá, ìgò omi wà lọ́wọ́ kejì. Mo ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka ìlù ọkàn lọ́rùn ọwọ́. Ó gbé ọwọ́ òsì lé kántà, ó fi ìka méjì tẹ ọrùn ọwọ́ náà, ó ń fi àtàǹpàkò gbá pákó bó ṣe ń lù, èmi sì ń wo aago ara ògiri. A kà á papọ̀ títí ìṣẹ́jú kan fi pé. Ìgbà 76 ni, kò sì pa ọ̀kan jẹ.